Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Apànìyàn inú fíìmù Japan yẹn, kí ló ṣe é gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Àtìgbà tí a ti dárúkọ fíìmù Vengeance Is Mine nínú ojú ìwé sinimá wa ni lẹ́tà ti ń wọlé, àwọn kan ń bínú, àwọn kan ní ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn kan kàn fẹ́ kí a bá wọn tú u palẹ̀. Nítorí náà a fi gbogbo ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún un lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wò ó, fíìmù Japan ni, Shohei Imamura ló darí ẹ̀, ọdún 1979 ló jáde, ó sì gùn tó wákàtí 2 àti ogún ìṣẹ́jú. Ó dá lórí gbájúẹ̀ kan tó ń jẹ́ Iwao Enokizu tó pa èèyàn 5, tí ọlọ́pàá sì ń lé e kiri gbogbo Japan fún ọjọ́ 78. A máa sọ bó ṣe parí o, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó kọ́kọ́ lọ wò ó ná, kó tó padà wá síbí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi wo fíìmù yẹn tán, ńṣe la kàn ń wo ojú ara wa. Mo dúró títí kí wọ́n sọ ìdí tí ọkùnrin yẹn fi ń pààyàn, wọn ò sọ. Nínú fíìmù tiwa, èèyàn á mọ̀ bóyá ayé ló fi ṣe é ni, àbí owó ló ń wá, àbí ìyá ẹ̀ ló ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan sẹ́yìn. Eléyìí ńkọ́? Kí ló ṣe é gan-an? (Òǹkàwé yín, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ rí náà ló wà níbẹ̀, wọn ò sọ ìdí ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó dára jù nínú fíìmù yẹn nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kì í ṣe pé Imamura ò fún wa ní ìdí o, ó kó o jọ síwájú wa rẹpẹtẹ. Ẹ rántí apá tó ṣẹlẹ̀ ní 1938 nígbà tí Iwao ṣì kéré, tí àwọn sójà ojú omi wá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja pé wọ́n fẹ́ fi jagun, bàbá ẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ yarí, ọ̀gá sójà wá dójú tì í níwájú gbogbo aládùúgbò títí tó fi gbà. Ọmọ yẹn gbé igi, ó là á mọ́ ọ̀gá sójà. Bàbá tẹrí ba, ọmọ ò tẹrí ba. Èèyàn á ní ẹ̀n-ẹ́n, ó ti yé mi, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ yìí ò lè fojú bàbá wo bàbá ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó di olè jíjà, wọ́n jù ú sí ọgbà àwọn ọmọ tó ya pòkíì, ogun parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn sójà Amẹ́ríkà kiri, ó wọ ẹ̀wọ̀n, ó jáde, ó tún wọlé. Èèyàn á tún ní ẹ̀n-ẹ́n, ogun ló bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ wá dé orí Kazuko ìyàwó ẹ̀, tí òun àti bàbá ọkọ ẹ̀ ń wo ara wọn ní ìwò tí kò yẹ kí ìyàwó ilé àti bàbá ọkọ máa wo ara wọn, Iwao sì mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ̀n-ẹ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn.

Ó dáa, ẹ wá wo àwọn tó pa. Àwọn ọkùnrin 2 tó ń gbé sìgá kiri fún ilé iṣẹ́ tábà ìjọba, tí wọ́n sì ń gba owó ẹ̀. Lọ́yà arúgbó kan. Obìnrin tó ń bójú tó ilé ìtura kékeré kan, àti ìyá obìnrin náà. Ta ni nínú wọn ló gba ọkọ̀ bàbá ẹ̀? Ta ni nínú wọn ló yan ìyàwó ẹ̀ lálè? Kò sí. Ìyá arúgbó yẹn fúnra ẹ̀, Hisano, tóun náà ti pààyàn rí tó sì ti ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀, bi í léèrè níjọ́ tí wọ́n jọ ń rìn bóyá ó ti pa ẹni tó wù ú láti pa gan-an, kò rí èsì gidi fún un. Bàbá ẹ̀ wá sọ ọ́ sí i lójú nígbà tó lọ wò ó lẹ́wọ̀n, ó ní ìwọ ò lè pa mí, àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́ nìkan lo lè pa. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà pé fíìmù yẹn dúró lé lórí. Gbogbo ìdí tí wọ́n kó sílẹ̀ fún wa, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ìyà yẹn jẹ ẹ́, ìtìjú yẹn ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀kan tó gùn dé ibi tí òkú wà.

Ohun tí Imamura wá fi dípò ìdí ni pé ó jẹ́ ká rí iṣẹ́ tó wà nídìí kéèyàn gbẹ̀mí ẹlòmíì. Ẹ padà lọ wo ìgbà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ojúmọmọ ni, létí oko, kò sí orin kankan tó ń kìlọ̀ fún yín, àwọn ọkùnrin méjì kàn ń rìn lọ ni, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó yọ òòlù, ó là á mọ́ ọn lórí, ọkùnrin yẹn ò kú. Ó tún là á, kò kú. Wọ́n wọ́ra wọn nílẹ̀, èémí ń já lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó wá lo ọ̀bẹ, kámẹ́rà ò sì mójú kúrò, kò sún mọ́ wọn jù, ó kàn dúró ń wò bíi ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tó parí, ó tọ̀ sí ọwọ́ ara ẹ̀, ó fi fọ ẹ̀jẹ̀ nù. Mo ti wo fíìmù apànìyàn púpọ̀ láyé mi, ti Amẹ́ríkà, ti Korea, èyí tí apànìyàn gbọ́n ju gbogbo ọlọ́pàá lọ, tó ń gbọ́ orin òyìnbó tó sì ń sọ̀rọ̀ bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ bí pípa èèyàn ṣe jẹ́ iṣẹ́ ẹlẹ́gbin tó bí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Iwao kì í ṣe ọlọ́gbọ́n kan. Irọ́ pípa lásán ló mọ̀, kó wọ kóòtù kó múra bí ẹni iyì kó fi gba owó lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí ọmọ ẹ̀ wà ní kóòtù, kó fi bàtà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi káyé lè rò pé ó ti bẹ́ sómi. Owó tó ń rí nínú ẹ̀ ò tó nǹkan.

Mo mọ̀ pé ìdí máa ń wù wá gbọ́. Tí a bá ti gbọ́ pé ìyá ẹ̀ ni, àbí èpè ni, ọkàn á balẹ̀, a ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé irú ẹ̀ ò sí nílé tiwa. Fíìmù yìí kọ̀ láti fún wa ní ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn, ẹ̀yin àti ìyàwó yín sì jókòó ẹ ń wo ojú ara yín. Ó ṣiṣẹ́ lára yín nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Mo jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹnu yà mí gan-an láti rí ìdílé apànìyàn yẹn tí wọ́n ń gbàdúrà níwájú àgbélébùú. Mo rò pé ẹlẹ́sìn Búdà ni gbogbo Japan ni. Kí ló sì dé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú Bíbélì sọ fíìmù ìpànìyàn lórúkọ? Kò dùn mọ́ mi nínú. (Màmá ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Màmá ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Ìjọ Àgùdà wà ní Japan, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Francis Xavier, ẹni mímọ́ tí ẹ mọ̀ dáadáa yẹn, dé Kagoshima ní 1549. Ìgbàgbọ́ ràn níbẹ̀ gan-an pàápàá lágbègbè Nagasaki, títí tí àwọn aláṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ní 1597 wọ́n kan èèyàn 26 mọ́ àgbélébùú ní Nagasaki, nígbà tó sì di 1614 wọ́n fòfin de ẹ̀sìn náà pátápátá káàkiri Japan. Àwọn onígbàgbọ́ wá sá pamọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí àwọn erékùṣù Goto, wọ́n ń ṣe bíi ẹlẹ́sìn Búdà lóde, wọ́n ń gbàdúrà sí Màríà nínú ilé, àwọn kan gbẹ́ ère Màríà ní àwòrán Kannon tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń bọlá fún kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Kò sí fadá, kò sí ìwé, ẹnu ni òbí fi ń kọ́ ọmọ ládùúrà, ó lé ní 200 ọdún tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún 1865 làwọn kan nínú wọn wá yọjú sí fadá ọmọ Faransé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Oura ní Nagasaki, wọ́n sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé ọkàn tiwa àti tiyín, ọ̀kan náà ni. Ìgbà tó di 1873 ni ìjọba tó yọwọ́ kúrò lọ́rùn wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn kí ẹ tó tún wo fíìmù yẹn, torí irú ìdílé yẹn ni ìdílé Enokizu, ará Goto ni wọ́n. Nígbà tí ọ̀gá sójà ń fi bàbá yẹn ṣẹ̀sín ní 1938, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń sọ fún un pé ìwọ onígbàgbọ́ yìí, àwa ò fọkàn tán ẹ. Àwọn baba ńlá ẹ̀ fara da gbogbo ìnira yẹn láìsẹ́, òun wá tẹrí ba níwájú ọmọ ẹ̀. Ẹ wá rí bó ṣe wúwo tó.

Ní ti orúkọ fíìmù, Róòmù 12:19 ni wọ́n ti mú un, “Tèmi ni ẹ̀san, èmi ó gbẹ̀san,” ni Olúwa wí. Mi ò rò pé wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, màmá. Ọkùnrin yìí gba ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run, ó ń pín ẹ̀san fún àwọn tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bàbá ẹ̀ náà tí ń gbàdúrà tọ̀sán tòru, ọkàn ẹ̀ ń jó nítorí ìyàwó ọmọ ẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sì ṣe é tán, kò sì fi í sílẹ̀. Rentaro Mikuni ló ṣe bàbá yẹn, tí ẹ bá wo ojú ẹ̀ nínú omi gbígbóná yẹn ní ìlú Beppu nígbà tí Kazuko ń fọ ẹ̀yìn ẹ̀ fún un, ẹ máa rí ọkùnrin tó ń bá ara ẹ̀ jà tí kò sì mọ ẹni tó máa borí. Mo fẹ́ràn pé Imamura ò sọ ọ́ di alágàbàgebè lásán. Ìgbàgbọ́ ẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìfẹ́ àìtọ́ yẹn náà jẹ́ òótọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èmi àti àwọn ọmọ mi lè jọ wò ó? Ọmọ ọdún 11 àti 14 ni wọ́n. (Bàbá Tóyìn, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Rárá o, bàbá Tóyìn. Ìpànìyàn pọ̀ níbẹ̀, ìhòòhò pọ̀, ìfipábánilòpọ̀ sì wà. Ẹ wò ó nígbà tí wọ́n bá ti sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú bí mi sí Haru, obìnrin onílé ìtura yẹn. Òun àti ọkùnrin yẹn lọ wo sinimá, wọ́n gbé fọ́tò ọkùnrin yẹn síta pé ọlọ́pàá ń wá a, ó rí i, ó mọ̀ pé apànìyàn ló ń bá sùn, ó tún mú un padà sílé! Obìnrin wo ló ń ṣe irú ẹ̀? Àbí ẹni tó ṣe fíìmù yẹn ló kàn rò pé obìnrin ò ní ọpọlọ? (Òǹkàwé, London)

ÌDÁHÙN: Àǹtí wa, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ bá mi ka ọ̀nà tó kù fún Haru láti gbà sá lọ.

Ilé ìtura yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Ọkùnrin kan ló ni ín, ọkùnrin yẹn ló ń fẹ́ ẹ lábẹ́lẹ̀ láìfẹ́ ẹ níyàwó, ìgbàkígbà tó bá wù ú ló ń wọlé, ó sì fipá bá a lò pọ̀ nílé ìdáná níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sùn síbẹ̀, aṣẹ́wó ni wọ́n ń pè fún, Haru ló ń tẹ́ ibùsùn. Ìyá ẹ̀ Hisano ti pààyàn, wọ́n ti sé e mọ́ ẹ̀wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó padà dé, ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré ìje ọkọ̀ ojú omi, ó tún ń yọjú wo àwọn oníbàárà láti ihò. Ọmọ apànìyàn ni gbogbo àdúgbò mọ Haru sí. Ibo ló fẹ́ gbà lọ? Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ?

Ọkùnrin kan wá dé, ó ní purofẹ́sọ̀ ni òun ní Yunifásítì Kyoto. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ẹnìkan wo Haru bí ẹni tó tó gbangba í sùn lọ́yẹ́. Nígbà tó wá rí fọ́tò yẹn ní sinimá, ẹ ní ó mọ̀, ó sì tún mú un lọ sílé. Lóòótọ́ ni. Mo rò pé ó ti dàgbà sọ́wọ́ apànìyàn kan tó jẹ́ ìyá ẹ̀, kò bẹ̀rù wọn bíi tiwa, ohun tó ń bẹ̀rù ni kó tún padà di ẹni tí kò sẹ́ni tó ń wò. Ó yàn án. Èmi ò ní kó yàn dáadáa, àmọ́ mi ò ní kó jẹ́ aláìnírònú.

Ìdí tí ikú ẹ̀ fi dùn mí ju tàwọn yòókù lọ nìyẹn. Kò sí ìjà, kò sí ariwo, ọkùnrin yẹn ò bínú sí i, ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n tó sì tún fẹ́ ẹ ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún lọ́rùn. Mayumi Ogawa ló ṣe Haru, lójú tèmi òun ló gbé fíìmù yẹn, Ken Ogata tó ṣe Iwao ni gbogbo ayé ń pariwo, ó tọ́ sí i, àmọ́ ẹ wo Ogawa.

Ní ti pé bóyá Imamura kórìíra obìnrin: rárá, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ ló kún fún obìnrin tí ayé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọn ò sì kú. Àmọ́ mo gbà fún yín pé kámẹ́rà ẹ̀ máa ń pẹ́ jù lára ìhòòhò wọn, apá ilé ìdáná yẹn pàápàá, ó yẹ kí wọ́n ti gé e kúrú, ohun tó fẹ́ sọ ti yé wa tipẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Mo ní irọ́ ni. Ẹ bá wa dá a. (Òǹkàwé, Òndó)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ló jàre. Akira Nishiguchi ni orúkọ apànìyàn náà gan-an. Ryuzo Saki ló kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìwé yẹn gba ẹ̀bùn Naoki tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn ìwé tó lókìkí jù ní Japan, inú ẹ̀ ni wọ́n ti fa fíìmù yẹn yọ, wọ́n kàn yí orúkọ padà ni. Oṣù Ọ̀wàrà 1963 ló pa àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Fukuoka, ó pa obìnrin onílé ìtura àti ìyá ẹ̀ ní Hamamatsu lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó pa lọ́yà tó ti lé ní 80 ọdún ní Tokyo nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ọlọ́pàá lẹ fọ́tò ẹ̀ káàkiri, wọn ò rí i mú. Ara ohun tó dá wọn dúró ni pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló sì jẹ́ kí wọ́n dá ètò tuntun sílẹ̀ ní 1964 tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ púpọ̀ fi lè jọ pawọ́ pọ̀ lórí ẹjọ́ kan.

Bí wọ́n ṣe mú un gan-an ò sí nínú fíìmù, ó sì dùn mí pé kò sí níbẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sínú ìtàn àròsọ tí wọ́n á gbà á gbọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1964 ni. Nishiguchi gbéra lọ sílé àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Tamana, ní ìpínlẹ̀ Kumamoto. Àlùfáà yìí ń sá sókè sódò nítorí àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, tó gbà pé wọn ò jẹ̀bi, ó ń wá owó, ó ń wá ìrànlọ́wọ́, ó fẹ́ kí kóòtù tún ẹjọ́ wọn gbọ́. Nishiguchi wá ní lọ́yà ni òun láti Tokyo, òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Inú wọn dùn, wọ́n gbà á sílé. Àfi ọmọbìnrin àlùfáà náà, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wo ọkùnrin yìí tó ní ojú yìí, mo mọ̀ ọ́n o, òun ni ojú inú pósítà ọlọ́pàá. Àwọn àgbàlagbà ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ọmọ yẹn ò yé sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá fara balẹ̀ wò ó tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, wọ́n jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n sì ránṣẹ́ sọ́lọ́pàá. Ẹ wo ìdílé kan tí wọ́n mọ ẹni tó sùn nínú yàrá kejì tí wọ́n sì ní láti dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àárọ̀ ni wọ́n gbé e.

Àlùfáà tó ń fi gbogbo ayé ẹ̀ gba èèyàn kúrò lọ́wọ́ okùn ni ìwà ìkà ọkùnrin yìí wá fipá mú láti fà á lé wọn lọ́wọ́. Mo máa ń rò ó dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wọ́n pa ọkùnrin yẹn níkẹyìn? Ṣé Japan ṣì ń pààyàn báyìí, orílẹ̀-èdè tó lajú tó báyẹn? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Wọ́n yẹgi fún Nishiguchi lọ́jọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1970. Wọ́n sì ṣì ń ṣe é títí dòní, okùn náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó kẹ́yìn tí mo lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni Takahiro Shiraishi, tó pa èèyàn 9 nílé ẹ̀ ní Zama ní 2017, àwọn tó ti sọ lórí Twitter pé ayé ti sú àwọn ló ń tàn wá. Oṣù Òkúdù 2025 ni wọ́n yẹgi fún un. Ohun tó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu ni pé wọn kì í sọ ọjọ́ fún ẹni tó wà nínú yàrá ikú, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ń mọ̀, ìdílé ẹ̀ sì ń gbọ́ nígbà tó bá ti kú tán. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, gbogbo àárọ̀ fún ogún ọdún ló fi ń gbọ́ ìró bàtà ẹ̀ṣọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sọ ọ́ gbangba, mi ò sì gbàgbé àwọn 9 yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Níparí, bàbá àti ìyàwó yẹn gun orí òkè, wọ́n ń ju egungun ọkùnrin yẹn sínú afẹ́fẹ́, egungun wá dúró sójú ọ̀run kò balẹ̀. Mo rò pé dátà mi ló tán. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà ló dúró. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Dátà yín wà níbẹ̀, àbúrò. Imamura ló dá àwòrán dúró gbagidi. Wọ́n ju ọ̀kan, ó dúró sójú ọ̀run. Wọ́n ju òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bàbá yẹn tún ń jù.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ní Japan, wọ́n sábà máa ń sun òkú, àwọn ẹbí á wá ṣa egungun tó kù sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e lọ sí ibojì ìdílé. Nítorí náà ohun tí àwọn méjèèjì lọ ṣe lórí òkè yẹn kì í ṣe ìsìnkú, wọ́n lọ dà á nù ni. Wọn ò fẹ́ kó dé ibi tí àwọn baba ńlá ẹ̀ wà. Bàbá ti ní kí ìjọ lé òun àti ọmọ òun kúrò. Wọ́n rò pé tí egungun yẹn bá ti balẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ọ̀rọ̀ tán, òun àti Kazuko á lè mí.

Kò balẹ̀. Àwọn kan ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọ̀run kọ̀ ọ́, ilẹ̀ náà kọ̀ ọ́. Ìyẹn ò burú, àmọ́ èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ Iwao ni. Ojú àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ wò. Àwọn ni nǹkan ò tán fún. Ìfẹ́ àìtọ́ tó wà láàárín wọn ò tíì ṣẹlẹ̀, kò sì tíì parí, ọmọ tó jẹ́ ìdènà ti kú, ó ṣì wà láàárín wọn. Tí ẹ bá ní àkókò, ẹ tún ibẹ̀ wò, kí ẹ má wo egungun rárá, kí ẹ wo bí ọwọ́ bàbá yẹn ṣe ń yára sí i bó ṣe ń jù ú.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti wo èyí, ó mì mí, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀. Kí ni kí n tún wò lọ́wọ́ ẹni yẹn? Kó má kàn jẹ́ ìpànìyàn mọ́ ṣáá. (Òǹkàwé, Cotonou)

ÌDÁHÙN: Imamura gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́ẹ̀mejì, ní 1983 àti ní 1997, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ti 1983 ni The Ballad of Narayama, Ken Ogata kan náà ló wà níbẹ̀, abúlé olókè kan tí oúnjẹ ò ti tó, ẹni tó bá pé 70 ọdún, ọmọ ẹ̀ á gbé e pọ̀n lọ sórí òkè lọ fi sílẹ̀ kó kú. Ẹ má wò ó lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ti 1997 ni The Eel. Mo mọ̀ pé ẹ ní kó má jẹ́ ìpànìyàn, ọkùnrin kan sì pa ìyàwó ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí tèṣọ̀n fúnra ẹ̀ ó ní òun ló pa á, gbogbo ìyókù fíìmù wá dá lórí bó ṣe jáde lẹ́wọ̀n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ létí odò, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ẹja kan tó ń sìn. Ẹ̀rín wà níbẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò kú. Èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò nínú méjèèjì, tẹ́ ẹ bá sì wò ó tán, ẹ kọ̀wé sí wa.